Igbá Tí A Fọ́ Sínú Ariwo

Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ alọ̀kúta dákẹ́ ní Kugbila, omi inú ìkòkò Ayampoka kò dákẹ́. Ó ti pọn omi náà ní òwúrọ̀, ó ti gbé ìkòkò náà sí ẹsẹ̀ ògiri níbi tí ó máa ń gbé e sí, ó sì ti jókòó tì í láti ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí ó bojú wò ó, ó rí i tí ojú omi náà ń ká òrùka wẹ́wẹ́, òrùka nínú òrùka, láti àárín títí dé etí ìkòkò, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí àwọn afọ́kúta ti dé. Kò kọ́kọ́ kà á sí. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó ti ṣà á tán, ó ti ń gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀, kí ó tó rántí pé wọ́n ti kó ẹ̀rọ náà lọ.

Títì ńlá tí wọ́n ń là lọ sí ẹnubodè ti parí, òkúta kò sì wúlò fún wọn mọ́. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti gbé ẹ̀rọ náà lọ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òkè tí ó wà lẹ́yìn abúlé ti di kòtò. Àwọn ará Kugbila jáde wò wọ́n bí wọ́n ti ń lọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi gbé pẹ̀lú ìró náà. Ní òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkúta lẹ́nu, ilẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ bí awọ màlúù tí eṣinṣin bà lé. Bí oòrùn bá yẹ àtàrí, fèrè ìkìlọ̀ yóò ké. Ẹni tí ó ń jẹun yóò di àwo rẹ̀ mú, ẹni tí ó pọn ọmọ yóò fi ọwọ́ gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀tù afọ́kúta yóò sì bú nínú kòtò. Gbogbo ilé yóò ta gìrì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, eruku yóò dà láti òrùlé, ẹni tí ó ń jẹun yóò sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rán àwọn àgbà lọ fi ẹjọ́ sùn. Àwọn afọ́kúta gbé ohun èlò ìwọ̀n-ìgbọ̀nrìrì kalẹ̀ sí àgbàlá, wọ́n wò ó, wọ́n ní ìmìlẹ̀ náà kò tó èyí tí í wó ilé. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò wó ilé. Awó nìkan ni kò sàba mọ́, àwọn ọmọdé sì kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní kíké, bí ẹni tí ó wà ní òdìkejì odò.

Bí ó ti ń mọ́ wọn lára ni ara wọn ń kú. Àtẹ́lẹsẹ̀ Ayampoka kò mọ ilẹ̀ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Ó lè fi ọwọ́ lásán sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná láìwá àkísà. Ó pè é ní ọjọ́ orí.

Òun ni ìyá àwọn akunlé ní Kugbila. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni í kó àwọn obìnrin jọ láti po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, láti rẹ́ ògiri, láti fi òkúta ìdán dán an, láti ya àwọn àwòrán pupa, dúdú àti funfun sí i, kí wọ́n sì fi omi èèpo irú gbígbẹ tí wọ́n sè wẹ̀ ẹ́ kí òjò má baà ṣí i. Láti ìgbà tí àwọn afọ́kúta ti dé, dídí ẹnu tí ògiri bá là ni iṣẹ́ wọn di. Bí wọ́n bá dí i tán, òmíràn yóò lanu.

Ó sọ ọ̀rọ̀ omi náà fún Atubiga ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń lọ́ okùn.

"Etí ẹ ni," ni Atubiga wí. "Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, tó bá sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ á ṣì máa rìn lábẹ́ ẹ̀."

"Ojú ni mo fi rí i, Bàbá Talata. Kì í ṣe etí."

"Ojú náà gun kẹ̀kẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì padà sídìí okùn rẹ̀.

Talata, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ti wà nílé láti ìgbà ìkórè. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Kumasi; òun wá bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Oyún kan ti wálẹ̀ lára rẹ̀ rí nínú ilé yìí kan náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ̀tù bú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà ni Ayampoka fi ń dúpẹ́ pé ẹ̀rọ ti lọ. Ó fẹ́ kí ọmọ yìí dé sínú ilé tí ó dákẹ́. Ohun tí ó ń fẹ́ kò pọ̀. Ìyẹn nìkan ni.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Talata dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ikùn.

"Ìyá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ògiri yàrá yín ń kàn."

"Aláǹgbá ni."

"Mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá ti kàn, ọmọ inú mi náà á kàn. Ó ń dá a lóhùn."

Ayampoka gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ikùn náà. Kò mọ nǹkan kan lára. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ikùn ọmọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ó dúró. Ó gbọ́ ọ: kíkàn kan, kíkàn kejì, lẹ́yìn náà fífà gígùn kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi gìgísẹ̀ wọ́ ilẹ̀. Ó sinmi. Lẹ́yìn náà ó tún kàn, ó tún kàn, ó sì fà.

Ó mọ ọwọ́ náà. Gbogbo akunlé ní ọwọ́ tirẹ̀, bí gbogbo ènìyàn ti ní ìrìn tirẹ̀. Ẹni tí í fi òkúta ìdán kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fà á ní Kugbila, ẹnì kan ṣoṣo ni: Lamisi, ìyá Atubiga, ẹni tí ó kọ́ Ayampoka níṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé ní ìyàwó. Lamisi sì ti kú ní àárín àwọn ọdún àwọn afọ́kúta. Inú yàrá yìí ni ó kú sí.

Ayampoka kò bẹ̀rù. Ó wá ìbẹ̀rù nínú ara rẹ̀, kò rí i, bí ẹni tí ó ki ọwọ́ sínú àpò tí ó ti mọ̀ pé ó ṣófo. Ó wọ inú yàrá lọ, ó sún àwọn ìkòkò tí ó tò gun ara wọn kúrò, ó sì wo ògiri ẹ̀yìn wọn. Ẹnu kan wà níbẹ̀ tí ó ti rò pé òun kò tíì dí. Wọ́n ti dí i. Amọ̀ tútù ni wọ́n fi dí i, nínú ọyẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn ń bẹ́. Amọ̀ náà sì yọ síta láti inú lọ́hùn-ún, bí ẹ̀kọ ti í yọ níbi ewé tí ó ya. Ó ti dán. Aláǹgbá kan kò sí nítòsí rẹ̀.

Lórí rẹ̀, àwọ̀n okùn tí àwọn obìnrin ilé ń kó igbá sí ń mì díẹ̀díẹ̀ lára igi àjà.

Igbá inú àwọ̀n náà kì í ṣe igbá ìjẹun. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, tí ẹlòmíràn kì í ṣí. Bí ó bá kú, wọ́n á sin ín. Bí àkókò ìsìnkú ìkẹyìn bá tó, àwọn obìnrin á gbé igbá rẹ̀ lọ sí oríta, wọ́n á sì fọ́ ọ. Kì í ṣe àfọ́kù ni òkú ń wò. Ìró fífọ́ náà ni ó ń gbọ́ tí í fi mọ̀ pé ilé ti tú òun sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe èyí fún Lamisi. Ayampoka wà níbẹ̀. Ó rí igbá náà bí ó ti fọ́.

Ó gbìyànjú láti rántí ìró rẹ̀, kò rántí.

Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, ó gba ọ̀nà kòtò lọ. Bayuo ni àwọn afọ́kúta fi sílẹ̀ láti ṣọ́ ibẹ̀; òun ni ó máa ń fọn fèrè ìkìlọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Ará Dagaaba ni Bayuo. Láàárín àwọn Dagaaba àti àwọn ènìyàn Ayampoka, ìbátan ẹ̀fẹ̀ ni ó wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹnì kìn-ín-ní a máa pe ẹnì kejì ní ẹrú, a máa gba ẹran lẹ́nu rẹ̀, a máa fi òkú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìsìnkú, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ bínú. Ohun tí ìbátan ẹ̀fẹ̀ bá sọ, ẹ̀rín nìkan ni èsì rẹ̀.

Ó bá a lórí àpáta, ó na ẹsẹ̀. Omi àwọ̀ ewé ti sun sí ìsàlẹ̀ kòtò.

"Ẹrú mi," ni Bayuo wí láìdìde, "ta ló tú okùn lọ́rùn ẹ?"

"Ìwọ tí wọ́n fi ìrù ajá rà lọ́jà," ni Ayampoka dáhùn, "tí ajá ọ̀hún ṣì ń bínú títí dòní pé wọ́n rẹ́ òun jẹ."

Bayuo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn kí Ayampoka lè rí àyè jókòó.

"Mo mọ ohun tó gbé ẹ wá," ni ó wí. "Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ lèmi náà ti ń gbọ́ ọ. Òkúta ń gbé e wá dé ibí. Ẹ̀ẹ̀mejì, á sì fà."

Ayampoka jókòó tì í.

"Mo sọ fún yín nígbà ọjọ́sí," ni Bayuo wí.

Ìgbà náà ni ó rántí. Wọ́n wà ní oríta, àwọn obìnrin ti yí igbá Lamisi ká. Fèrè ti ké láti kòtò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí fèrè ń pè létí mọ́. Ó ti dà bí igbe ìrẹ̀, a gbọ́ ọ, a kò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n Atubiga obìnrin gbé igbá sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, àkókò náà gan-an ni ẹ̀tù sì bú. Igbá di àfọ́kù lójú gbogbo wọn láìdún. Bayuo, tí kì í ṣe ìyípo iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, jókòó sábẹ́ igi osè pẹ̀lú ọtí ọkà bàbà lọ́wọ́, ó sì kígbe pé Màmá kò gbọ́ o, ẹ lọ mú òmíràn wá kí ẹ tún un fọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Ayampoka fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé orí ajá fún un, èyí tí í ṣe ìpín ìbátan ẹ̀fẹ̀ níbi ìsìnkú, nítorí pé ó ti ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ dáadáa.

"O ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà?" ni Ayampoka bi í.

"Mi ò ní ẹnu míì tí mo lè fi bá yín sọ̀rọ̀," ni Bayuo wí. "Ẹ sì fún mi lórí ajá. Mo jẹ ẹ́."

Láti ibẹ̀ ó lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Anafo, olórí ilé wọn, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti di funfun. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó ní igbá kì í fọ́ lẹ́ẹ̀mejì, igbá Lamisi sì ti fọ́. Ó bi í léèrè ìgbà tí Talata yóò bímọ. Ayampoka ní bí oṣù bá lé ni.

"Òkú tí kò rí ẹnu ọ̀nà," ni Bàbá náà wí, "ẹnu ọ̀nà tó bá kọ́kọ́ ṣí ni yóò gbà. Ẹni tó sì ń bọ̀ láti ibẹ̀ ò ní rí àyè kọjá."

Lẹ́yìn èyí, bí ẹni tí ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó rán an létí ohun tí òun náà mọ̀: pé akèrègbè kan ṣoṣo ni Lamisi là sí méjì ní ọdún tí wọ́n gbé Ayampoka wọlé. Ó fi ìlàjì kan ṣe tirẹ̀, ó sì fi ìkejì lé ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ṣùgbọ́n ìkejì ní ẹni tí ó ni ín, ẹni náà sì ń mí. Nígbà tí ó sọ èyí, ó yí ojú funfun rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì fi í sí ilẹ̀.

Ayampoka dúpẹ́, ó sì lọ sílé. Ó ro ọkà fún ọkọ rẹ̀. Ó fi òrí pa Talata lẹ́yìn, ó ń gbọ́ ògiri bí ó ti ń kàn, ó ń rí awọ ikùn bí ó ti ń dìde tí ó ń wọlẹ̀ ní ìdáhùn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ìdáhùn náà ń rẹ̀ sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kò dáhùn mọ́, ó nawọ́ sókè sínú àwọ̀n, ó sì mú igbá rẹ̀.

Ní ọ̀sán, ní wákàtí tí ẹ̀tù máa ń bú, ó dúró ní oríta. Bayuo nìkan ni ó pè, nítorí pé ohun tí a bá ṣe lójú ìbátan ẹ̀fẹ̀, a lè pè é ní eré bí ó bá bàjẹ́. Bayuo kò ṣe eré. Ó bọ́ fìlà.

"Ẹrú mi," ni ó wí pẹ̀lẹ́, "jẹ́ ká lọ sílé."

Ọyẹ́ ti da funfun bo oko. Awó kan kò ké. Láti ìgbà tí Ayampoka ti dé Kugbila, kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀. Ó gbé igbá náà sókè, ó sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

Ó dún. Ìró kékeré ni, ó gbẹ, ó mọ́; ó lọ jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ. Ó gbọ́ ọ bí ó ti kọjá lórí àwọn òrùlé, bí ó ti wọ inú ilé wọn. Ó ń retí ìrora, kò rí i. Ó kàn dà bí ẹni pé ohun kan tí ó ti ń gbọ̀n nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó yí padà, ó ń lọ sílé. Ó gbọ́ Bayuo tí ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ gan-an, kì í ṣe ẹrú. Ó tún pè é. Kò wẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń bọ̀, ó wúwo, ó ń dúró sinmi, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó fi apá méjèèjì gbé ẹrù.

Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá, àwọn obìnrin figbe ta. Nínú igbe náà ni Talata fi ọwọ́ di ìbàdí, tí ó sì wólẹ̀ lórí orúnkún. Wọ́n gbé e wọlé. Ayampoka dúró ní igun yàrá títí ọmọ fi dé: obìnrin ni, ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ké. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó gbé omi wá. Àwọn mìíràn ni wọ́n gbé e. Kò bínú. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri, ògiri dákẹ́. Ó wo ìkòkò, ojú omi tẹ́ bí dígí. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ó tó.

Ọyẹ́ lọ, òjò dé, òjò lọ. Ó máa ń jókòó ti ìkòkò rẹ̀. Ebi kò pa á. Wọn kò bá a wí, wọn kò rán an níṣẹ́. Ó kà á sí ọ̀wọ̀. Talata máa ń sunkún lójijì, Ayampoka sì rò pé nítorí ọkọ rẹ̀ tí ó wà ní Kumasi ni. Ọmọ náà ti ń rá. Nígbà mìíràn, ó máa ń rá wá síwájú ìkòkò, yóò sì tẹjú mọ́ ibi tí ìyá-ìyá rẹ̀ jókòó sí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin ilé wọ yàrá náà, Bàbá Anafo tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n ti pọn ọtí ọkà bàbà sí àgbàlá. Talata nawọ́ sínú àwọ̀n, ó wá a, ó tún un wá.

"Bàbá," ni ó wí, "igbá Ìyá mi dà?"

"Ó ti fọ́ ọ," ni Bàbá Anafo wí. "Ó fọ́ ọ fún ẹlòmíràn."

"Kí la máa wá fọ́ fún òun?"

Bàbá náà yí ojú funfun rẹ̀ sí ilẹ̀. Bayuo dúró ní ẹnu ọ̀nà. Àkókò ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ni, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó bọ́ fìlà. Wọ́n gbé orí ajá fún un, kò gbà á. Ayampoka, tí ó wà láàárín wọn, wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ̀ pé ìsìnkú ìkẹyìn òun ni.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù padà wá. Wọ́n ní títì náà há, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀nà méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkúta lẹ́nu. Òrùka wẹ́wẹ́ jáde lójú omi. Ayampoka ki ìka rẹ̀ bọ inú omi náà láti dá wọn dúró. Àwọn òrùka náà gba àárín ìka rẹ̀ kọjá lọ sí etí ìkòkò.

Ó dìde. Ó lọ sí ẹ̀yìn àwọn ìkòkò, níbi tí ògiri ti tún lanu, ó sì rí ọ̀nà wọlé. Òkúta ìdán wà níbẹ̀. Ó kàn án, ó kàn án, ó sì fà á.

Ní àgbàlá, Talata gbé orí sókè. Ọmọ tí ó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, ó tún lù ú, ó sì wọ́ ọ.

"Bàbá," ni Talata wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ògiri ti tún ń kàn."

Atubiga ń lọ́ okùn rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ẹ̀rọ ni," ni ó wí. "Á mọ́ wa lára."